Ìbọn Tí Wọ́n Yìn fún Òkú Ọdẹ

Má bu omi fún mi, Olútóyìn, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi wá sílé rẹ ní Aládé ní kùtùkùtù yìí. Jókòó. Tàbí kí o dúró, èwo ló kàn mí? Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, pé ìwọ lo mú Akinolúwa àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó lánàá, pé ìwọ fúnra rẹ lo gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, ìwọ tí ọkọ mi kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ kí ìjọba tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́ igbó, ìwọ tí o jẹ iyán nílé mi títí irùngbọ̀n fi hù ọ́. Haà! Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Wọn ò ní láísẹ́ǹsì. Mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Ta ló ní? Ṣé iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ náà ni? Ẹ gbé e sókè lọ́dún tó kọjá, ẹ ní nítorí ẹranko ni, kí ẹranko má bàa tán nínú igbó. A ò tíì kùn tán tí ẹ tún fi gbé e sókè, tó fi jẹ́ pé gbogbo ọ̀yà tí ọdẹ lè pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò lè san án. Owó ọ̀hún dà? Mọ́tò ọ́fíìsì yín ṣì wà lórí òkúta, koríko ti hù lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ gan-an, ṣé wọ́n ti san owó oṣù rẹ? Má dáhùn, èmi ni mo wọn gàárì fún ìyàwó rẹ lóṣù tó kọjá, n ò sì bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí iná ń jó igbó lọ́nà Ofosu, tí ẹ ò ní epo tí ẹ máa fi débẹ̀, ta lẹ pè? Bàbá Jamilah lẹ pè, ọkọ mi lẹ pè. Ó lọ, ó kó àwọn ọdẹ lẹ́yìn, wọ́n fi ewé tútù pa iná náà, ó padà dé tòun ti ojú pípọ́n, ó ń wúkọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni bi í léèrè láísẹ́ǹsì lọ́jọ́ náà?

Ikọ́ yẹn ò lọ mọ́. Òun náà ló gbé e lọ.

Mùsùlùmí ni wá, o mọ̀. Àwọn ààfáà ti ṣe tiwọn, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni, Olútóyìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò tíì ṣí ìpà rẹ̀, wọn ò tíì kó ẹrù ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó kí wọ́n sì dágbére fún un, òkú ọdẹ tí a ò bá sì ṣe é fún, ṣebí ìwọ náà mọ ohun táwọn àgbà ń wí, inú igbó ni yóò máa rìn kiri, kò ní dé ibi tó ń lọ. Ààfáà ní kí n má gba irú rẹ̀ gbọ́. Ó dáa. Òun kọ́ ló ń dá sùn sórí ibùsùn yẹn.

Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Akinolúwa ní ká ra ti ẹ̀bá títì, mo kọ̀, mo ní ẹran rírà ò wọ ẹnu ọkọ mi rí. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ. Wọ́n dẹ tàkúté, ó mú ẹtu kan, wọ́n gbé e léjìká, wọ́n ń bọ̀ nílé jẹ́ẹ́jẹ́. Ta ni ìbá mọ̀? Àfi bí wọ́n ṣe dé ibi àpáta tí bàbá Jamilah ti máa ń sinmi, ara wọn ò gbà á kí wọ́n kọjá láìkí i, ni wọ́n bá ń yìnbọn sókè, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí a ti ń kí ọdẹ tó ti lọ. Mo ti bú wọn. Mo ní ẹni tó ń sá fún ẹ̀ṣọ́ igbó ló tún ń yìnbọn kí òkú. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ sunkún, torí pé wọ́n kí i.

Ìwọ lo gbọ́ ọ. Àjèjì làwọn yòókù ní ọ́fíìsì yín, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ẹranko kọ́ ni wọ́n ń yìn ín sí. O mọ̀ pé ọ̀gá rẹ ni wọ́n ń kí. O sì tọ ìró náà lọ, o gba ìbọn, o gba ẹtu, kí o tó dá wọn sílẹ̀. Wọ́n ní o ò lè wo ojú wọn. Báwo ni wàá ṣe wò ó?

Gbé ojú sókè, èmi nìyí, wò mí. N ò bá ti ìbọn wá, n ò bá ti ẹtu wá, wọ́n ní ẹ ti dáná sun ún. Ẹ̀rù ti ba àwọn ọdẹ, kò sẹ́ni tó máa wọ igbó nítorí ọkọ mi mọ́. Agbọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọlọ́kadà ló bá mi gbé e wá. Ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti fìlà, àti àpò, àti ọ̀bẹ tó fi kọ́ ọ bí a ti ń kun ẹran. Èmi obìnrin ò gbọdọ̀ gbé e wọgbó. Ìwọ nìkan ni wọn ò ní bi léèrè ohun tí o ń wá níbẹ̀.

Gbé e, Olútóyìn. Má sunkún sí mi létí, gbé e. Tí o bá dé ibi àpáta yẹn, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o pè é ní orúkọ tí èmi ìyàwó rẹ̀ ò fẹnu mi pè rí, kí o sì sọ fún un pé mo ní kó máa lọ.