Igba Tí Mo Kà Sí Ìgbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi kà á tán. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn olùkọ́ láti Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn bí a ṣe ń dá iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fún AI ṣe mọ̀. Wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ ọmọ kan tí ọwọ́ mi tẹ̀ lọ́dún tó kọjá dání fún àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Òótọ́ ni pé mo ti mú àwọn kan rí. Àwọn mẹ́rin gbé iṣẹ́ kan náà wá, àwọn fúnra wọn ò sì lè ṣàlàyé ìlà kejì rẹ̀. Pirinsipa yìn mí níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí iṣẹ́ yòówù tó bá ti dára jù.

Àsìkò yẹn ni Sìdíkátù gbé tirẹ̀ wá. Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tó kọ, èèyàn á tẹ iye ebè tó wà lóko rẹ̀, ètò náà á fi 200 pín in, á sì pe èsì rẹ̀ ní "igba". Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo kà á sí ìgbà, bí ìgbà òjò. Mo ní kí ló pa ebè àti ìgbà pọ̀, kí sì ni 200 ń wá níbẹ̀? Mo ní AI ló ń sọ ìsọkúsọ báyìí. Mo tún gbé iṣẹ́ náà fún AI fúnra rẹ̀, mo bi í bóyá òun ló kọ ọ́. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo pe Sìdíkátù jáde níwájú kíláàsì. Mo pa á lówe pé ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Igba yẹn náà ni mo kọ síbẹ̀, sà." Mo ní kó pa ẹnu mọ́, pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mi ò tíì jókòó tán ní yàrá àwọn olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi. Igba-igba ni wọ́n ń ka ebè níhìn-ín. Igba mélòó lo kọ lónìí, ohun tí wọ́n ń bi alágbàṣe nìyẹn. Èmi tí mo dàgbà nígboro Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ka nǹkan. Ẹnu lásán ni mo fi mọ òwe, mi ò mọ oko tó ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n padà sí kíláàsì. Mi ò padà. Mo ro ti ìyìn pirinsipa, mo sì kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wa níbi ìdíje kọ̀ǹpútà. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó sì di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìyá AI.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Sìdíkátù wá bá mi nílé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bàbá mi dọ́gba lọ́jọ́ orí. Wọ́n gbé iṣu mẹ́fà wá. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ dárí jì í, ọmọdé ni." Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò wọ́n. Síbẹ̀, mo ní mo ti dárí jì í. Èmi àti ará ilé mi jẹ iṣu náà tán.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mo mọ ohun tí màá sọ fún pirinsipa, bí wọ́n bá sì lé mi, ó tọ́ sí mi. Màá bẹ Sìdíkátù náà níwájú kíláàsì. Ti bàbá rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ gba ìdáríjì tí mo fún wọn padà, nígbà tí ọmọ wọn ò ṣẹ̀ mí?