Omi Tí Àǹtí Fèyíkẹ́ Bù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mu

Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ pé sínú yàrá yìí, àti ẹ̀yin Dádì Gbọ́láhàn, àbúrò bàbá mi, tí ẹ gbà mí sílé yín ní Fourways nílẹ̀ òkèèrè níbí bí ọmọ, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sọ pé ìgbéyàwó yín àti Àǹtí Fèyíkẹ́ ti parí, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ kọ obìnrin náà, èmi Láolú ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ ti bi mí nígbà kan rí, mo purọ́. Irọ́ yẹn ti jẹ mí nínú bí ìkán ṣe ń jẹ òpó: ìta ṣì ń dán, inú ti di eruku.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ni mo ti ń we síkáàfù mọ́ ọrùn nínú oòrùn gangan, tí mo ń pa ojú kan dé wo ọmọ aráyé bíi pé torí kí n lè yà wọ́n ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Olùdarí ni mo ń pe ara mi, èmi tí n kò darí ewúrẹ́ wọlé rí. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún wa ni pé kí kálukú ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan, èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó lè dìde. Tèmi ni ti obìnrin kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó gbọ́ pé ẹni rẹ̀ kú. Mo bẹ Àǹtí Fèyíkẹ́ kó bá mi ṣe obìnrin náà. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ṣírò owó olówó ní ọ́fíìsì, ó rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó bọ́ bàtà, ó ní, “Láolú, ibo ni kí n dúró sí? Ṣé kí n tún páńkéèkì kùn?” Ó gbé fóònù sétí, ó ké “Yéè!”, ó sì yọjú wo kámẹ́rà bóyá ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e dé kíláàsì, Damaris, olùkọ́ wa, wò ó tán, ó ní, “Obìnrin yìí ò pàdánù nǹkan kan.” Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rín yẹn ni mo gbà lówó, tí mo fi ta Àǹtí mi.

Nígbà tí a wọ taksí kúrò ní CBD, àárín ìlú tí iléèwé wa wà, mo ráhùn fún Kingsley, ọmọ kíláàsì wa tó ń bá mi di kámẹ́rà mú. Ó ní, “Guy, that kind cry, person no dey act am o.” Mo ní kí wá ni ṣíṣe? Ó gbọn èjìká: “Eish, na you be director.” Kí iná robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tó dá wa dúró lẹ́ẹ̀kejì, Kingsley ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni kò gbàgbé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ láàárín tiwa. A kì í ṣàdédé la ẹnu sọ ọ́. Àwọn àgbà ni yóò wá, wọn yóò jókòó, a ó bu omi fún wọn, wọn ò ní mu. Ẹni tó bá ti rí omi bẹ́ẹ̀ níwájú àgbà, ó ti gbọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé n kò tiẹ̀ ní purọ́ rárá, omi ni yóò bá mi pa á. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn! Mo sì yan ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́. Ọdúnayọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí àbúrò Àǹtí, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìkòlé, wà ní ọsibítù. Mo ti ń gbọ́ tí Àǹtí ń fi Èkìtì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń béèrè léraléra bóyá Ọdúnayọ̀ ti jẹun. Dípò kí n bá a gbàdúrà, mo ní: àsìkò tó.

Mo sọ fún Àǹtí pé wọ́n ti gba fíìmù mi, pé iṣẹ́ ti parí. Kámẹ́rà ṣì dúró ní igun pálọ̀, ojú gbogbo wa ti mọ́ ọn bí àga. Mo fi téèpù dúdú bo iná rẹ̀. Alàgbà Ògúnjìmí, ẹ̀yin nìyẹn, ẹ má bojú wolẹ̀, ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo sọ fún yín àti àwọn ìyá ìjọ méjì pé eré fíìmù ni, pé Àǹtí mọ̀ sí i. Agbádá funfun lẹ gbé wọ̀ wá. Ẹ ní, “Láolú, ẹ̀gbẹ́ wo ni ojú mi ti dára jù?” Mo ní òsì ni, sà. Mo ní kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì mu omi. Ẹ ní, “Ó yé mi, director!”

Orí àtẹ̀gùn ni mo sá sí, mo ń fi fóònù wo ohun tí kámẹ́rà ń rí. Àǹtí ṣílẹ̀kùn. “Ha, Alàgbà, ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ káàbọ̀ ma. Ẹ ò pè mí kí n tètè dé?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé omi wá nínú tíréè. “Ẹ mu omi, sà.” Alàgbà mi orí. “Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?” Ìyá ìjọ wolẹ̀. Alàgbà wá sọ ohun tí n kò kọ́ wọn: “Jókòó, ọmọ mi.” Tíréè já bọ́. “Ọdúnayọ̀ ni,” ni Àǹtí wí, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni igbe yẹn jáde: “Ọmọ mi! Ọmọ tí mo bí tí mo ń pè ní àbúrò! Ọdúnayọ̀, dákun, dìde kí n pè ọ́ lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan!” Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣírí ló tú yẹn. Ọmọlúàbí ì bá ti fò sọ̀kalẹ̀. Èmi, mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì dúró kó sunkún tán. Alàgbà ń sọ fún ìyá ìjọ pé, “Obìnrin yìí mà mọ eré ṣe o!” Kí wọ́n má baà fura, mo kọ́kọ́ sáré sìn wọ́n jáde. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń dágbére lẹ́nu géètì, obìnrin náà wà nílẹ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè.

Nígbà tí mo wá sọ fún un, kò gbá mi létí. Ó pe Ìkòlé. Ọdúnayọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e: “Àǹtí mi, mo ti jẹ ẹ̀kọ lónìí o.” Àǹtí fi fóònù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, fún èmi tó ń se oúnjẹ fún! “Láolú, mo ti bí i kí n tó mọ Dádì rẹ. Ìyá mi ló ní kí n máa pè é ní àbúrò. Mo ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ọ níbòmíràn. Pa nǹkan yẹn rẹ́.” Mo tẹ kámẹ́rà níṣojú rẹ̀, mo ní, “Mo ti pa á rẹ́, Màmi.” Ẹ̀rọ náà lásán ni mo pa.

Ní yàrá tí a ti ń gé fíìmù, mo fi dùùrù bo igbe náà, ó dà bí ìpolówó ọṣẹ. Mo gé “ọmọ mi” kúrò, ó di igbe ẹni tí inú ń run. Mo bá dá a padà. Mo ní ta ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀? Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ pé àbúrò rẹ̀ ló ń pè. Dádì, n kò pè yín síbi àfihàn. Ẹ̀yin lẹ rí ìkéde rẹ̀, tí ẹ gbé kóòtù wọ̀, tí ẹ jókòó níwájú, tí ẹ ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ yín pé ọmọ yín ló ṣe é. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ọwọ́ yín nìkan ni kò gbé. Damaris bi mí bí mo ṣe rí irú igbe bẹ́ẹ̀ gbà. Mo gba gbohùngbohùn, mo tún síkáàfù ṣe, mo ní Àǹtí fúnra rẹ̀ ló fi fún mi, pé mo kàn ní kó mú ohun tó jìn jù lọ nínú rẹ̀ jáde ni. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa wo iwájú, àga yín ti ṣófo.

Ilé ló ti wá burú jù. Ẹ ò pariwo, Dádì. Ẹ ní, “Fèyíkẹ́, o fi í pa mọ́ fún mi látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, o wá gbé e fún àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n fi ṣeré?” Ó ní, “N kò mọ̀ pé wọ́n ń yà mí. Mo rò pé ọmọ mi kú ni.” Ẹ kọjú sí mi: “Láolú, ṣé òótọ́ ni?” Òótọ́ kan ṣoṣo ni, ì bá sì gbà á là. Ṣùgbọ́n iléèwé kì í gba fíìmù tí ẹni tí wọ́n yà kò bá fọwọ́ sí, orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní sì ń dùn mọ́ mi. Mo ní, “Àǹtí mọ̀, sà.” Ẹ pe Alàgbà, Alàgbà ní, “Ó mọ̀ o, ó tiẹ̀ ṣe é gan-an ni!” Àǹtí wò mí bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Ó ní, “Ó dáa, Láolú.” Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Ìkòlé lọ.

Ọdúnayọ̀ ló pè mí láìpẹ́ yìí. Mo rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Láolú, wọ́n ní ẹ ní ibi tí màmá mi ti pè mí lọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èèyàn wò ó mọ́. Màmá mi ti ń pè mí lọ́mọ báyìí. Àmọ́ wọ́n máa ń wo fóònù ṣáá bóyá Dádì á pè.” Mo ròyìn rẹ̀ fún Kingsley. Kingsley ní kí n gbé ojúlówó rẹ̀ tí a kò gé wá fún yín: tíréè tó bọ́, ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ohùn mi, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Ẹ̀rí tó dájú ni. Mo kọ̀. Mo ti ní kí iléèwé yọ fíìmù náà kúrò, mo sọ ìdí fún wọn, wọ́n sì ti lé mi. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo pa á rẹ́ láàárọ̀ yìí, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà ẹnu mi nìkan ni mo mú wá, ẹnu tí ẹ mọ̀ pé ó ti purọ́. Alàgbà, ẹ bi ara yín wò: ṣé ẹnu Àǹtí lẹ ti gbọ́ pé ó mọ̀, àbí ẹnu mi?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí fóònù kì í kúrò lójú yín, tí ẹ ń ya ẹni tó ṣubú kí ẹ tó gbé e dìde, ẹ wò mí dáadáa. Omijé ènìyàn kì í ṣe ọjà. Bí ẹ bá rí i lójú ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Dádì, n kò tíì bẹ̀bẹ̀ fún ara mi, ìyẹn lè dúró. Àǹtí Fèyíkẹ́ ni kí ẹ pè. Ẹ bi í léèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.