Ohun Tí Màmá Leah Sọ fún Pásítọ̀

Ẹ ṣé, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n ẹ dá àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Mo mọ̀ pé inú yín dùn pé Tíṣà Àkànjí, ẹni tó máa ń túmọ̀ ìwàásù fún yín láyé ọjọ́un, tún padà wá sí Ìrẹsà. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹnu Pásítọ̀ dé!" Orúkọ yẹn gan-an ló gbé mi wá. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Ọ̀yọ́ ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n yé gun òkè, kí n yé gbé ẹrù. Ẹrù tó wúwo jù nínú èyí tí mo gbé wà lọ́kàn níbí, mo sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú yín kí n tó lọ. Mo ti ṣe ohun burúkú nínú ilé Ọlọ́run yìí, ọ̀pọ̀ yín ò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe dùn tó, torí bí mi ò bá sọ adùn rẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tí mo bàjẹ́. Nígbà tí ìjọba gbé mi wá kọ́ni ní ilé ìwé abúlé yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Rose ìyàwó mi wà ní Ọ̀yọ́, níbi tí iná wà; èmi wà níhìn-ín pẹ̀lú fìtílà àti ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ fi sọ mí di ọmọ yín. Mo rántí òórùn kaṣú tó pọ́n lóko láàárọ̀. Mo rántí ọ̀wẹ̀ tí a fi mọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí: àwọn ọkùnrin ń po ẹrẹ̀, àwọn obìnrin ń pọnmi, Bàbá Sàídù tó jẹ́ Mùsùlùmí sì wà lókè ògiri, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa onígbàgbọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri kó gún. Mo rántí Màmá Leah, opó tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí. Bí a bá ti parí ìsìn, ilé rẹ̀ ni mò ń yà. Á ti sun iṣu sílẹ̀, á ti bu epo àti iyọ̀ sí àwo, á ní, "Tíṣà, ẹ jẹun kí ẹ sanra, kí ìyàwó yín má baà sọ pé a febi pa yín." Ọlọ́run mi, iṣu yẹn! Mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìjọ yìí kò ní pásítọ̀ tirẹ̀ nígbà yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń rán oníwàásù wá, àwọn mìíràn kò sì gbọ́ Yorùbá. Apá òsì wọn ni mò ń dúró sí. Bí wọ́n bá nawọ́ sókè, èmi náà á nawọ́ sókè. Bí wọ́n bá fò, màá fò. Ìgbà mìíràn, èdè tèmi á dùn ju tiwọn lọ, ẹ̀yin obìnrin á máa pariwo "Jéésù!", oníwàásù á wá máa wò mí, á máa ṣe kàyéfì ohun tí òun sọ tó dùn tó báyẹn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa, torí kò ní pẹ́ tán.

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóṣé, agbaṣẹ́ṣe olówó kan láti ìlú, ló kan páànù sórí ṣọ́ọ̀ṣì yìí. A jó, a yọ̀. Kò pẹ́ tó fi tún dé: ó fẹ́ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibí, láti oko Màmá Leah títí dé ti Bàbá Sàídù. Ó ní ilé iṣẹ́ kaṣú lòun fẹ́ kọ́, pé gbogbo ọmọ abúlé á ríṣẹ́. Ó kù kí àwọn tó ń dáko níbẹ̀ tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Màmá Leah kọ̀ jálẹ̀. Oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni, òun ló fi ń jẹun. Bàbá Sàídù wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń wá bá yín láti ìlú. Wàláhì, bí ẹ bá dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí, a gbé." Màmá Leah wá ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n rán ẹni tó máa bá wa dá sí i. Wọ́n rán Pásítọ̀ Philip, ọmọ apá Port Harcourt, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú Yorùbá.

Nígbà tí ìsìn ku ọ̀la, Bámgbóṣé wá bá mi nílé. Ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ pé ìyàwó yín ti bímọ ní Ọ̀yọ́. Ẹ kú oríire. Mo mọ ẹni tó lè gbé yín padà sọ́dọ̀ wọn kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé. Mi ò kàn fẹ́ kí ìsìn ọ̀la dá wàhálà sílẹ̀ ni." Mi ò fèsì. Ẹni tí kò fèsì sí irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ọmọ tó gbọ́ Òyìnbó díẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn. Bàbá Sàídù jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bámgbóṣé jókòó níwájú, lábẹ́ páànù rẹ̀. Pásítọ̀ Philip kò fi àkókò ṣòfò. Ó sọ lédè Òyìnbó pé, "Ẹ má tẹ̀ka sí ohunkóhun. Ìjọ tí kò bá lè gbèjà opó, kí ló fẹ́ fi òrùlé ṣe? Lọ́yà kan wà nínú ìjọ wa tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ń retí yín." Ó yíjú sí mi kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo wo Bámgbóṣé. Mo rántí ọmọ tí mi ò tíì fojú kàn. Mo ní, "Pásítọ̀ ní kí a má bá ẹni tí Ọlọ́run gbé ga jà. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí àlàáfíà, Ọlọ́run á fún un ní èyí tó dára jù ú lọ." Bámgbóṣé tó gbọ́ Òyìnbó ju èmi gan-an lọ mi orí, ó ní, "Àmín." Àwa méjì péré la mọ̀.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá máa rí oorun sùn. Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Leah wá kúnlẹ̀ síwájú àlejò. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún Pásítọ̀ pé mo gbọ́ ìwàásù wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo sin ọkọ mi sí. Ẹ ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n bá mi wá ẹni tó mọ òfin, kí wọ́n má jẹ́ kí n dá jà." Ohun tó ń tọrọ gan-an ni ọkùnrin yìí gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́! Èmi nìkan ló wà láàárín wọn. Mo yíjú sí Pásítọ̀, mo sọ lédè Òyìnbó pé, "Màmá ní òun dúpẹ́. Ó ní gbogbo àwọn ti fẹnu kò, inú àwọn dùn láti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, kí ẹ máa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́." Ẹnu yà á. Ó ní, "Ṣé ó dá a lójú?" Mo ní ó dá a lójú. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá dìde, ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n ti gbọ́, Màmá. Wọ́n á padà wá." Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n má gbàgbé láti yà jẹ iṣu. Mo sì lọ, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́?

Lẹ́yìn ìwàásù mi, àwọn yòókù tẹ̀ka. Bàbá Sàídù náà tẹ̀ ẹ́, ó ní bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti gbà, ta lòun? Màmá Leah nìkan ni kò tẹ̀ka. Ó ní Pásítọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí katakata dé láti hú kaṣú, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n ṣe sùúrù, Pásítọ̀ wà lọ́nà. Mo ti wà ní Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, mò ń gbé ọmọ mi jó. Ilé iṣẹ́ kaṣú kò sì dé. Ẹ̀yin náà ń rí ògiri tó yí koríko ká lẹ́yìn ibí.

Lóṣù tó kọjá, mo pe Pásítọ̀ Philip lórí fóònù, mo jẹ́wọ́. Ó wá ní òun ti fi Màmá Leah wàásù káàkiri, pé obìnrin kan wà ní Ìrẹsà tó fi ayọ̀ yọ̀ǹda gbogbo ohun tó ní. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Ọjà Igbó, níbi tí Màmá ń gbé lọ́dọ̀ Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì tẹsẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti hú kaṣú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò gbọ́ ohun tí mo wí ni?" Mo ní, "Kò gbọ́, Màmá." Ó ní, "Háà! Mo ti ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Màmá tó máa ń fi ẹ̀yin pè mí nítorí iṣẹ́ tíṣà wò mí, ó ní, "Ìwọ lọ sọ ọ́ ní Ìrẹsà ná."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń túmọ̀ nínú ìjọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tó máa bá a sọ̀rọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá jí i, kò tún ní òmíràn. Gbogbo yín, ẹ dárí jì mí, nítorí Ọlọ́run.

Màmá Leah ló jókòó sẹ́yìn yẹn, pẹ̀lú ìborùn funfun. Àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ ti ń wò látàárọ̀, Pásítọ̀ Philip ni. Màmá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ yan ẹlòmíràn nínú yín kó dúró láàárín wọn. Èmi fẹ́ jókòó, kí n gbọ́.