Omi Inú Bútà Tí Mo Mu Níwájú Yín

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Kpakungu, ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù lára mi. Èmi Àbdùlsàlámì oníbátìrì ni mo kọ ọ́. Bí mo bá dúró níwájú yín, ẹnu mi ò ní gbà á. Kí ẹ tó kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pọnmi kàǹga ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tí mò ń yọ́ òjé inú rẹ̀ fún Bàbá Àjàní, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ásíìdì rẹ̀ ńkọ́? Ihò ẹ̀gbẹ́ kàǹga ni mò ń dà á sí. Mo mọ̀ pé òun àti òjé ń jò wọ inú omi kàǹga. Ilé mi kì í mu omi yẹn, ọwọ́ mai ruwa tó ń ta omi kiri la ti ń ra tiwa.

Nígbà tí Labibah onímáásà wá sunkún pé inú ń run Hibatullah ọmọ òun, pé ọmọ náà ò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́, pé omi kàǹga ni òun ń fura sí, Qasim tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ka ìwé òfin ilẹ̀ wa sí wa létí: abala ogún, pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Bàbá Àjàní rẹ́rìn-ín.

"Malam Lọ́yà, Orí Kejì nìyẹn wà. Kóòtù kì í gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀."

Qasim ní àwọn òfin mìíràn wà tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀.

"Lọ wá wọn wá. A ó jókòó dè ọ́."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Labibah ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Tó, bí kóòtù ò bá gbọ́, àwa á gbọ́. Bàbá Bilqees, ẹ mu omi náà ká rí i."

Mo wọlé. Mo gbé bútà àlùwàlá mi jáde, mo ní láàárọ̀ ni mo pọn ọ́n ní kàǹga. Irọ́ ni. Omi mai ruwa ni. Mo mu ún títí ó fi ń kán sí mi láyà. Labibah kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, mo sì jẹ́ kó kúnlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i tó ń pọnmi kàǹga fún ọmọ rẹ̀. Mo wò ó. Mo yíjú, mo wọlé lọ.

Lánàá, dókítà ní òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ Hibatullah. Ó béèrè omi tí wọ́n ń mu. Labibah dá a lóhùn pé kì í ṣe kàǹga, pé Bàbá Bilqees ti mu ún lójú gbogbo wa.

Bàbá Àjàní ní kí n dákẹ́, pé òfin ò lè mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé òótọ́ ló sọ.

Ìyá Hibatullah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sọ fún dókítà pé kàǹga ni. Ẹ kó gbogbo ọmọ ilé lọ fún àyẹ̀wò. Ìdáríjì tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó dúró ná.