Bàálù Ìyá Tó Ń Múra Ilé

Ọkọ mi kú láìmọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì fẹ́ gbé e bá a nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. Mo ṣẹ obìnrin kan. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ rò pé àṣìgbọ́ ni; òun gan-an rò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àṣìgbọ́.

Bàálù ni mo ń bá àwọn ènìyàn háyà títí irun mi fi funfun. Oníṣòwò tó fẹ́ ṣèpàdé ní ìlú méjì lóòjọ́, tọkọtaya tó fẹ́ lọ gbatẹ́gùn létí òkun, gbogbo wọn ń gba orí fóònù mi kọjá. Mo máa ń bèèrè iye ènìyàn, bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, àti ìwọ̀n ara oníkálukú, nítorí bàálù kò mọ ẹni tó ń tijú. Àwọn obìnrin a máa gé tiwọn kù, àwọn ọkùnrin a ní, "Kọ èyí tó bá wù ọ́." Ọ̀gá wa ní bàálù agbedeméjì kan, ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Àwọn ńláńlá kò lè balẹ̀ níbi tí ojú ọ̀nà bàálù bá ti kúrú. Àwọn kéékèèké kò lè gbé ẹbí kan tán. Èyí ń ṣe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń jà sí i.

Obìnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé háyà rẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin fẹ́ lọ sí ìlú ìyá wọn, níbi tí ojú ọ̀nà bàálù kò gùn ju pápá ìṣeré lọ. Mo bi í bóyá iṣẹ́ ni àbí ìgbafẹ́, nítorí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ìkankan, mà. Màmá wa ni. Wọ́n ti ń múra ilé."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa, ṣé ó yẹ kí n túmọ̀ rẹ̀? Ìyá arúgbó tó wà nínú ilé ara rẹ̀, ilé wo ló tún ń múra àtilọ? Ó yé mi. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù kí n tó mí kanlẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alága pè, oníbàárà wa tó tóbi jù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ gbá gọ́ọ̀fù. Bàálù yẹn gan-an ló fẹ́, láàárọ̀ yẹn gan-an. Mo ní ẹnìkan ti gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, nínú gbogbo wọn ní ọ́fíìsì yẹn, ìwọ nìkan ló gbọ́n. Wá nǹkan ṣe sí i." Ọ̀gá ń wá ẹni tí yóò fi ṣe olórí wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ Alága sì ń wọ̀ ọ́ létí. Ìyìn ni wọ́n fi ń mú òmùgọ̀. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Mo pe obìnrin náà. Mo ní àwọn ẹlẹ́rọ rí nǹkan lára bàálù, pé kò ní lè fò di ọ̀túnla. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé kò sí òmíràn? Mo sọ fún yín pé Màmá ti ń múra ilé." Ibí ni mo ti ṣe é. Mo fi ohùn ẹ̀rín dáhùn pé, "Ẹ bá wa kí Màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rìn ire." Bí ẹni pé ìyá náà ń di ẹrù lọ kí ẹnìkan! Mo mọ̀ pé kò ní lè tún un sọ lọ́nà mìíràn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Alága gbá gọ́ọ̀fù rẹ̀. Àwọn ọmọ márùn-ún gba orí ilẹ̀, nínú òjò. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ìyá wọn. Ó ti ń bèèrè wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Síbẹ̀ kì í ṣe ìyẹn ló burú jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó kàn bi ọ̀gá wa pé kí ló dé tí a kò wá bàálù mìíràn fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo ní, "Sà, wọn ò sọ fún mi pé ara Màmá ò yá. Wọ́n ní Màmá ń múra ilé. Èmi rò pé Màmá ń rìnrìn-àjò ni."

Ọ̀gá káwọ́ lérí. "Háà, Mádáàmù! Ta ní ń fi òwe háyà bàálù?" Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Mo retí pé obìnrin náà yóò bú mi. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ̀bi mi ni. Ẹnu mi ni kò gbà á láti pe ikú mọ́ ìyá mi. Ẹ má bínú, mà." Òun ló ń bẹ̀ mí! Mo sì gba ẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Kò burú."

Tíṣà wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kọ́ wa pé irọ́ tí a fi ìdákẹ́ pa, irọ́ náà ni. Mo mọ̀ ọ́n sórí dáadáa. Mo di olórí ní ọ́fíìsì, mo sì pẹ́ lórí àga náà.

Nígbà tí ó wá kan ọkọ mi lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo pe àbúrò rẹ̀. Mo lanu, ọ̀rọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí mo rí sọ kò ju pé, "Ẹ̀gbọ́n yín ò jẹun mọ́ o." Ó ní, "Ìyàwó wa, mo ti ń bọ̀." Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó bá a láàyè. Mo wà ní yàrá ìdáná, mo ń gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín ìwà kan tí wọ́n hù léwe. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ márùn-ún nìyẹn.

Mo wá ilé ìtẹ̀wé náà lọ; wọ́n ti kó kúrò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ síbi tí ojú púpọ̀ yóò ti rí i. Ẹ̀yin ọmọ tó ń gba fóònù lónìí, bí ẹnìkan bá rọra sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe fi ìrọra rẹ̀ pa á. Mádáàmù, bí èyí bá dé ọwọ́ yín, dáadáa lẹ sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ sọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń sọ ọ́ nípa ìyá rẹ̀, ó sì yé mi. Ẹ̀bi tí ẹ gbé kúrò ní ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ náà, tèmi ni. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà sọ ẹrù ẹ̀bi náà kalẹ̀.