Ohun Tí Mo Fi Kun Pẹ́pẹ́yẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

"Gbé ọkọ̀ yẹn sílẹ̀! Gbẹ́nàgbẹ́nà, mo ní kí o gbé e sílẹ̀ kí n tó fi ìgbálẹ̀ yìí kọ́ ọ lọ́gbọ́n!"

Èmi ni mo ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ àná. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wọ́ ọkọ̀ ojú omi ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu géètì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ mọ́: "Ẹ̀yin àǹtí yìí, kí ló kàn yín? Ọkọ mi ló fi tọrẹ. Ó ní òun ò dẹ pẹ́pẹ́yẹ mọ́ láyé." Mo ní, "Ó kàn mí. Èmi ni mo lé e kúrò lójú odò." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó jáde sí wa. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí n fi ẹnu náà sọ, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e mì. Mo sọ ọ́ lánàá. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ọ.

Àwọn ọdẹ máa ń to ère pẹ́pẹ́yẹ sójú odò, kí àwọn tó ń fò lókè lè rò pé ẹgbẹ́ àwọn ló wà nísàlẹ̀. Agbára wa ò ká èyí tí wọ́n ń tà, nítorí náà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe tiwa. Ike òróró la fi ń ṣe ikùn rẹ̀, fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó la fi ń gbẹ́ orí àti ọrùn, a ó sì so òkúta mọ́ ọn nídìí kí omi má baà gbé e lọ. Èmi ló ń gbẹ́ orí, èmi náà ló ń kùn ún. A máa ń po eérú kúnná mọ́ ọ̀dà náà kí ó má dán, torí ìyẹ́ ẹyẹ kì í kọ mànà. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá rí ohun tó ń dán lójú omi, kò ní bà.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọdẹ ń yin ẹ̀gbọ́n mi ní pálọ̀: "Ọwọ́ rẹ mà dáa o! Ta ló kọ́ ọ?" Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Ó ní, "Mo kọ́ ara mi ni. Àbúrò mi kàn ń bá mi di okùn." Di okùn! Ṣé n ò lẹ́nu tí mo lè fi bú u níbẹ̀ kí ó tán síbẹ̀ ni? N ò bú u, ọ̀dàlẹ̀ ni mí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀dà dídán tí wọ́n fi ń kun àga ni mo fi kun pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rìnlélógún, n ò bu eérú kankan sí i.

Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fi lọ sódò. Pẹ́pẹ́yẹ á yọ, wọ́n á rà bàbà lókè, oòrùn á kọ lára ike, wọ́n á yà bàrá. Àwọn ọdẹ ń fi fèrè tó máa ń fọn láti pe pẹ́pẹ́yẹ ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀dá Fèrè, ṣé ẹ̀ ń pè wọ́n ni àbí ẹ̀ ń lé wọn?"

Ibi tó burú jù nìyí. Ó gbé ère kan wá bá mi nínú oòrùn. "Àbúrò mi, ojú rẹ ló mú jù nílé yìí. Ṣé ère yìí ló ní àléébù, àbí èmi?" Nǹkan náà ń kọ mànà sí mi lójú. Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe é, bọ̀dá mi. Èémí yín ló ti ń kúrú." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! Ó lọ ju fèrè náà sódò, kò sì débẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán lánàá, àyà mi fúyẹ́ bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, aláìnítìjú tí mo jẹ́. Mo fa ère kan tí mo ti fi pamọ́ nínú mẹ́rìnlélógún náà yọ nínú àpò, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ dárí jì mí. Èémí yín ò ṣe nǹkan kan rí."

Ó gbé e sínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ń jó lára ògiri.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà, dá ọkọ̀ mi padà."

"Ẹ ti fún mi ná!"

"Mo rò pé mo ti darúgbó nígbà yẹn ni." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀: "Bá mi bu eérú wá." Ó wá wò mí. "Òótọ́ ni, ìwọ lo gbẹ́ orí wọn."

"Èmi ni."

"Màá sọ fún àwọn ọdẹ. Ṣé o ti jẹ́wọ́ tán?"

"Mo ti jẹ́wọ́ tán, bọ̀dá mi."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pẹ́pẹ́yẹ náà sókè, ó là á mọ́ mi láàárín orí, gbòà!