Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Mo Fi Káàdì Gbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé e kiri láyà. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ mi ò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n ran òun lọ́wọ́.

Atlanta níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Aunty Rónkẹ́, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló mú mi wọ iṣẹ́ náà. Àwa méjèèjì la ń tọ́jú bàbá ará Íńdíà kan ní Loganville, Aunty láàárọ̀, èmi lọ́sàn-án. Ìyàwó bàbá ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bá a gbé kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé.

Bàbá ló kọ́ mi ní Teen Patti, káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ nílùú wọn. Káàdì mẹ́ta mẹ́ta la máa ń pín. Èèyàn lè fi nǹkan lélẹ̀ láìwo káàdì ọwọ́ rẹ̀ rárá. Tí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹnì kan bá wá jẹ́ irú kan náà, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni borí ẹ̀. Ẹ̀pà la fi ń ta á. Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, bàbá á ní, "Ọmọ mi, má wò ó. Ṣe ọkàn gírí."

Nígbà tó yá, iyè bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Mo rí i pé mo lè pààrọ̀ káàdì lójú ẹ̀, kò ní mọ̀. Mò ń ṣe é. Ẹ̀pà ṣáà ni, ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù ìyàwó ẹ̀ jáde, ó fi lélẹ̀. Ó yẹ kí n ní kó dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé ebi ń pa mí. Ojúkòkòrò ló mú mi. Mo ti fi kíńgì mẹ́ta pa mọ́ sábẹ́ itan. Nígbà tí mo ṣí wọn, bàbá rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀gbà náà sí mi lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ ẹ̀ wá ẹ̀gbà náà tì. Bàbá ní òun fi fún ọmọ òun. Èmi ló ń sọ, ṣùgbọ́n kò yé ọmọbìnrin ẹ̀, torí òun ò gba nǹkan kan. Ó wá bi mí pé ta ló ń tún yàrá bàbá ṣe.

Mo ní, "Aunty Rónkẹ́ ni."

Òótọ́ ni. Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo sọ, ó sì tó. Wọ́n lé Aunty lọ́jọ́ náà, agency tó ń rán wa síṣẹ́ ò sì fún un níṣẹ́ mọ́.

Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ìwọ mọ̀ pé mi ò lè ṣe é, àbí?"

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Warehouse kan ní Union City ló ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà náà, ó ń fi orúnkún tó ń dùn ún dúró láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá ti kú. Mo ta ẹ̀gbà náà ní mall. Mi ò tilẹ̀ rántí ohun tí mo fi owó ẹ̀ rà.

Ní báyìí, agency mìíràn fẹ́ gba Aunty. Wọ́n ní kó mú lẹ́tà wá lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tó lè jẹ́rìí ìwà ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló gbà mí gbọ́."

Mo ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́, mi ò mọye ìgbà. Tí mo bá kọ ọ́ pé kì í ṣe olè, wọ́n lè béèrè bí mo ṣe mọ̀. Tí mo bá sọ bí mo ṣe mọ̀, iṣẹ́ mi lọ, bóyá ẹ̀wọ̀n sì tún ni. Mo bí ọmọ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni kí n kọ? Lọ́jọ́ Ẹtì ni Aunty ń bọ̀ wá gbà á.